Bí ẹ ṣe máa múra fún àyẹ̀wò ojú awakọ̀ bàálù àti adarí bàálù

Yíyẹ ojú wò ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun n'Ìkejà, níbi tí a ti ń gbọ́ ìró bàálù tọ̀sán-tòru. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ di awakọ̀ bàálù ń wá, àwọn tó fẹ́ jókòó sí tówà láti máa darí bàálù ń wá, àwọn ọ̀gá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ìwé ẹ̀rí ìlera wọn fẹ́ parí náà ń wá. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti dá padà lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé ojú wọn kò burú. Awò tí wọ́n lò lọ ti gbó ni, tàbí kí wọ́n má mú awò kejì dání, tàbí kí wọ́n ti fi lẹ́ǹsì tí a ń fi lé ẹyinjú sùn mọ́jú. Èyí tó ń pa mí lẹ́kún ni ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ta ilẹ̀ kó lè san owó ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù, tó wá jẹ́ pé ọjọ́ àyẹ̀wò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ojú òun kì í ya pupa sọ́tọ̀ lára àwọ̀ ewé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé e bí mo ṣe tò ó. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ má fò rárá.

Ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ojú yín

ICAO, àjọ tó ń ṣòfin ìrìnnà òfurufú fún gbogbo àgbáyé, ló gbé òdiwọ̀n kalẹ̀. Lára rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ń gé tiwọn, NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú nílẹ̀ wa, náà wà níbẹ̀. Kíláàsì 1 ni ti awakọ̀ tó ń fi bàálù wíwà jẹun. Kíláàsì 2 ni ti ẹni tó ń wà á fún ara rẹ̀. Kíláàsì 3 ni ti adarí bàálù.

Ní ọ̀nà jíjìn, Kíláàsì 1 àti Kíláàsì 3 kò yàtọ̀: ojú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí 6/9 ní òun nìkan, méjèèjì pa pọ̀ gbọ́dọ̀ rí 6/6. Kíláàsì 2 rọ̀ díẹ̀, 6/12 fún ojú kọ̀ọ̀kan, 6/9 fún méjèèjì. Ìtumọ̀ 6/9 ni pé ohun tí ojú tó dá ṣáṣá lè kà láti mítà 9, ẹ̀yin ní láti sún mọ́ ọn dé mítà 6 kí ẹ tó kà á. Ní ìtòsí, Kíláàsì 1 àti 3 gbọ́dọ̀ lè ka lẹ́tà N5, tó kéré gan-an, láti sẹ̀ǹtímítà 30 sí 50, kí wọ́n sì ka N14, tó tóbi jù ú lọ, láti sẹ̀ǹtímítà 100. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wo bí ojú ṣe ń rí ẹ̀gbẹ́, bí méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àti bóyá ó mọ àwọ̀.

Ẹ lè lo awò láti kà á o. Òfin ICAO kò sọ bí ojú ṣe gbọ́dọ̀ dára tó láìsí awò. Ọ̀rọ̀ pé ẹni tó bá ń lo awò kò lè wa bàálù kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbọ́n sá. Bí ojú kan bá burú ju 6/60 lọ láìsí awò nìkan ni wọ́n á ní kí ẹ mú ìwé kíkún wá láti ọ̀dọ̀ dókítà ojú kí wọ́n tó fún yín níwèé ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa mú òmíràn wá ní ọdún márùn-ún márùn-ún.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò. Awò tuntun kì í tètè jáde, ojú sì ní láti mọ́ ọn lára.
- Awò méjì tí nọ́ńbà wọn jẹ́ ọ̀kan náà, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí.
- Ìwé ẹ̀rí ìlera àtijọ́, bí ẹ bá ti gba irú rẹ̀ rí.
- Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú yín rí, ìbáà ṣe lésà tí wọ́n fi ń mú kí ènìyàn bọ́ lọ́wọ́ awò, ìwé gbogbo tó wé mọ́ ọn. Ojú tó bá ṣì ń rí ìtànṣán yíká iná lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò tíì ṣe tán.
- Orúkọ oògùn ojú yòówù tí ẹ bá ń kán.
- Rúlà, téèpù ìwọ̀n, ìwé funfun àti páálí pẹlẹbẹ kan fún àyẹ̀wò tí ẹ máa fọwọ́ ara yín ṣe nílé.

Ìgbésẹ̀ 1: Àwọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó san kọ́bọ̀

Ojú tí kò ríran jìnnà, awò á tún un ṣe. Ojú tí kò ya àwọ̀ kò ní awò, kò ní oògùn. Bí wọ́n ṣe bí i ló máa wà. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ ṣáájú owó.

Ìwé Ishihara ni wọ́n máa ń lò. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan kún fún àmì rógódó-rógódó aláwọ̀ oríṣiríṣi, nọ́ńbà sì fara pamọ́ sáàárín wọn. Ojú ewé àkọ́kọ́, 12 ló wà níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń rí i, torí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe ni. Ẹ máa jókòó ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75 sí ìwé náà, wọ́n á sì fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin lórí ojú ewé kan.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ojú èyíkéyìí tó ní ìwé náà gan-an, kí ẹ ní kí wọ́n ṣe é fún yín, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà: ẹni kan á ṣe tirẹ̀ lórí fóònù, á ní òun ti yege. Àwọ̀ orí fóònù kì í ṣe àwọ̀ inú ìwé. Ọ̀tọ̀ ni bí fóònù kọ̀ọ̀kan ṣe ń yọ ọ́. Gílóòbù tí iná rẹ̀ ń pọ́n náà ń ba àyẹ̀wò jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, tàbí iná funfun tó jọ ọ́, ni òfin fẹ́. Ẹ má sì wọ awò tó ń yí dúdú nínú oòrùn wá. Kó tó mọ́ padà, ẹ ti ń ka ìwé.

Àwọn mìíràn ń há nọ́ńbà sórí. Ọmọkùnrin kan jókòó síwájú mi báyìí, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń dáhùn kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé. Lẹ́yìn 12, mo fò lọ sí ojú ewé tó ní 74. Ó ní, "8, Mà." 8 ló tẹ̀ lé 12 nínú èyí tó há sórí. Mo pa ìwé náà dé. Mo ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Ó wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, Mà. Wọ́n ní gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é." Kò tíì sanwó ilé ẹ̀kọ́, ìyẹn ló tù mí nínú lọ́jọ́ náà.

Kí ló dé tí mo fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn? Iná mẹ́rin ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí, PAPI ni wọ́n ń pè é. Bí méjì bá funfun tí méjì pupa, bàálù ń sọ̀ bó ṣe yẹ. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá funfun, ó ga jù. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pupa, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2002, bàálù akẹ́rù FedEx 1478 já lulẹ̀ kó tó dé ojú ọ̀nà ní Tallahassee, ní Amẹ́ríkà. Àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n fara pa púpọ̀. Ìgbákejì awakọ̀ ló ń wà á lọ́wọ́. Àwọn tó tú u wò ka àárẹ̀ ara mọ́ ohun tó fà á, wọ́n sì ka ojú ìgbákejì awakọ̀ náà tí kò ya àwọ̀ dáadáa mọ́ ọn. Ẹni tó wà ní tówà náà, bí rédíò bá kú, ìbọn iná (àtùpà aláwọ̀ tí a ń nà sí bàálù, kì í ṣe ìbọn gidi) ló máa fi bá awakọ̀ sọ̀rọ̀: àwọ̀ ewé tó dúró gbọin-in sí ẹni tó wà lókè, kó máa balẹ̀, pupa tó dúró gbọin-in, kó yàgò, kó ṣì máa yí po.

Ohun kan tún wà tó kan àwa tí a fi Yorùbá sọ̀rọ̀ dàgbà. Inú ẹyin, pupa la ń pè é. Epo, pupa. Ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ní ó pupa. Ewé tó gbó dáadáa, a ní ó dúdú. Ojú wa mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹnu wa ló ń kó wọn pọ̀. Bí wọ́n bá wá tan iná yẹ́lò síwájú yín tí wọ́n ní kí ẹ pe orúkọ rẹ̀ lédè òyìnbó kíákíá, ẹnu lè ṣáájú ojú. Mo ti rí ẹni tí ojú rẹ̀ pé pérépéré tó ní "red" sí yẹ́lò, tí ara rẹ̀ wá ń gbọ̀n. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan máa pe iná ojú pópó bí ẹ bá ń kọjá lálẹ́: "red", "yellow", "green", "white", "blue". Orúkọ ni ẹ ń kọ́ o. Ojú tí kò ya àwọ̀ kò ṣeé kọ́.

Bí ẹ bá ṣubú nínú Ishihara, kò tíì tán. ICAO gbà kí wọ́n yọ̀ǹda ẹni tó bá lè ya àwọ̀ tí wọ́n ń lò nínú ìrìnnà òfurufú sọ́tọ̀ kíákíá, tó sì mọ iná aláwọ̀ wọn. Nítorí náà, wọ́n lè fi iná àtùpà dán yín wò, tàbí kọ̀ǹpútà. Irú kan tí wọ́n ń pè ní CAD, Yunifásítì City ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti jáde. Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2025, ti kọ̀ǹpútà ni ẹni tó ń bọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ náà, Kíláàsì 2 tí a fi ń wa bàálù lójúmọmọ nìkan ló kù fún un. Awò aláwọ̀ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ń wo àìmọ̀yàtọ̀ àwọ̀ sàn, ẹ má wọ̀ ọ́ wá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ti ka ìwé Ishihara gidi nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, wọ́n da ojú ewé rú mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ kò sì ṣì wọ́n kà. Èsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ọkùnrin tí bàbá ìyá yín kì í ya pupa mọ̀ lára àwọ̀ ewé, ẹ má fi tiyín falẹ̀ rárá, torí ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fọwọ́ ara yín wọn ojú yín nílé

1. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ lẹ́tà ńlá márùn-ún tí kò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ máa mú kó tóbi tàbí kó kéré títí gíga rẹ̀ á fi jẹ́ mílímítà 8.7 lórí ìwé. Rúlà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ìlà 6/6 nìyẹn.
2. Ẹ tẹ ìlà mìíràn tí gíga rẹ̀ jẹ́ mílímítà 13.1 fún 6/9, àti òmíràn tó jẹ́ 17.5 fún 6/12.
3. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tó bá yín lójú dọ́gba, kí ìmọ́lẹ̀ tàn sí i dáadáa.
4. Ẹ fi téèpù wọn mítà 6. Ẹ má fi ẹsẹ̀ kà á. Ìṣísẹ̀ gígùn kan péré lè gbé irọ́ fún yín.
5. Ẹ fi páálí bo ojú tó dára jù, kí ẹ fi èyí tó rẹlẹ̀ kọ́kọ́ kà. Bí èyí tó dára bá ti ṣáájú, ẹ ti mọ lẹ́tà náà, èyí tó kù kàn ń rántí ni.

Àtẹ́lẹwọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bo ojú, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá wá ṣí i, kùrukùru ni ojú náà á máa rí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ní ojú àwọn ti bàjẹ́. Èkejì ni fífún ojú pọ̀. Bí ẹ bá fún ìpéǹpéjú pọ̀, ẹ máa rí i kedere sí i lóòótọ́, torí ihò kékeré ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Dókítà á ní kí ẹ la ojú sílẹ̀, ìlà tí ẹ kà nílé á sì pòórá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: pẹ̀lú awò tí ẹ fẹ́ lò, ojú kọ̀ọ̀kan ka 13.1 láìfún pọ̀, méjèèjì ka 8.7. Ní ọjọ́ kejì, ẹ ní kí ẹlòmíràn tẹ lẹ́tà tuntun, kí ẹ tún un ṣe. Bí ó bá kùnà níbì kan, ilé ìwòsàn ojú ló kàn.

Ìgbésẹ̀ 3: Awò méjì, nọ́ńbà kan

Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ yín tí ẹ sì ń tọ̀ léraléra, ẹ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó wọn nọ́ńbà awò. Bí ṣúgà bá ga, lẹ́ǹsì inú ojú á wú, nọ́ńbà á sì yí padà. Awò tí wọ́n bá ṣe lọ́jọ́ náà, owó òfò ni nígbà tí ṣúgà bá wálẹ̀.

Òfin sọ pé ẹni tó bá ń fi awò ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní èkejì nítòsí níbi iṣẹ́. Ó ní ìdí. Ẹ rò ó wò: ẹ jókòó sí tówà, bàálù mẹ́ta ń bọ̀, awò bọ́ lójú yín, ó fọ́. Ẹ ò ní sọ pé kí wọ́n dúró ná lókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú èyí tí ẹ lò lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ṣe èkejì. Ẹ ní kí wọ́n ṣe méjì náà pọ̀.

Lẹ́ǹsì tí a ń fi lé ẹyinjú, ICAO gbà á, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ní àwọ̀, agbára ìwòran kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ní, ó sì gbọ́dọ̀ bá ojú yín mu. Awò lásán gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi lẹ́ǹsì ọ̀nà jíjìn sí ojú kan, ti ìwé kíkà sí ojú kejì, kí wọ́n má bàa wọ awò. Ẹni tó ń wa bàálù kò gbọdọ̀ dán an wò. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1996, ọ̀gá awakọ̀ Delta 554 wọ irú rẹ̀ nígbà tó ń balẹ̀ ní pápákọ̀ LaGuardia, ní New York. Ojú rẹ̀ kò lè díwọ̀n jíjìn dáadáa lórí omi, bàálù náà sì gbá iná tó ń fọ̀nà hàn kó tó dé ojú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run.

Awò oòrùn ńkọ́? Kó jẹ́ aláwọ̀ eérú, kó má sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní "polarized". Irú yẹn lè mú kí ojú tẹlifíṣọ̀n inú bàálù dúdú mọ́ yín lójú.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi awò kìíní tún ìgbésẹ̀ 2 ṣe, kí ẹ tún fi èkejì ṣe é. Bákan náà ni èsì gbọ́dọ̀ rí. Bí èkejì bá ń fi orí fọ́ yín, ẹ dá a padà sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é kí ọjọ́ tó pé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìtòsí, àgàgà bí ẹ bá ti lé lógójì

Ọ̀gá awakọ̀ kan fa ìwé pélébé inú páálí oògùn kúrò lójú, ó tún fà á, títí apá rẹ̀ fi nà tán. Wọ́n ní, "Dókítà, iná yín ni kò tó." Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ ká tan òmíràn." A tan òmíràn. Apá náà kò ká. Ojú àgbà ni, kì í ṣe àrùn, kò sì sẹ́ni tí kì í dé bá.

Àyẹ̀wò ilé rẹ̀ rọrùn. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Times New Roman ìwọ̀n 5, kí ẹ tún tẹ òmíràn ní ìwọ̀n 14. N5 àti N14 nìyẹn. Ẹ ka èyí tó kéré láti sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹ gbé èyí tó tóbi sí sẹ̀ǹtímítà 100, nítorí ibẹ̀ ni aago àti bọ́tìnnì inú bàálù máa ń wà sí ojú awakọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń dá àwọn àgbà padà nìyí: wọ́n á ra awò ìwé kíkà olójú kíkún lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ń ka N5 dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbójú sókè wo ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ á di kùrukùru. ICAO kò gbà á. Awò kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo rẹ̀: èyí tó dá sí méjì, tàbí èyí tí agbára rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ọ̀nà jíjìn kò bá yọ yín lẹ́nu, awò ìdajì tí ẹ lè gba orí rẹ̀ wòran á tó. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe awò pé iṣẹ́ bàálù ni ẹ fẹ́ fi ṣe, kí ó wọn sẹ̀ǹtímítà 100 mọ́ ọn. Bí ẹ ò bá sọ, ìwé kíkà nìkan ló máa wọ̀n.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: láìbọ́ awò, ẹ ka N5, ẹ gbójú sí N14, ẹ gbójú sí ògiri mítà 6, ẹ tún padà. Bí ẹ bá ní láti bọ́ awò níbì kan, kò tíì pé.

Ìgbésẹ̀ 5: Inú ojú

Gilakómà, àrùn tó ń jẹ iṣan ojú díẹ̀díẹ̀, kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú bọ̀, nígbà tó bá fi dé àárín, ó ti pẹ́. Àwa ènìyàn dúdú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà lára àwọn tó ń bá fínra jù. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ojú yín (10 sí 21 ni a máa ń fẹ́), kí wọ́n sì wo iṣan ojú lẹ́yìn, nítorí ìfúnpá nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá wà nínú ẹbí yín, ẹ sọ ọ́.

Adarí bàálù kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ojú ń yún un. Kẹ́míìsì kan ládùúgbò tà á ní oògùn ojú tó ní sìtẹ́rọ́ọ̀dù nínú, ojú náà rọlẹ̀, ó bá ń rà á lọ fún oṣù mẹ́jọ láìrí dókítà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ìfúnpá ojú rẹ̀ ti gòkè kọjá ààlà. A tètè bá a ni. Ojú ń yún yín, àpólò mú yín, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Ẹ má kán oògùn tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má sì kán ìtọ̀ tàbí omi ọmú sí i, ẹni yòówù tó bá júwe rẹ̀ fún yín.

Bí wọ́n bá fẹ́ kán oògùn tó ń la ẹyinjú láti wo ẹ̀yìn ojú, kó má jẹ́ ọjọ́ àyẹ̀wò. Fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò ní lè kàwé, oòrùn á sì máa ta yín lójú. Kí ẹlòmíràn wa mọ́tò gbé yín lọ sílé.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ méjì tó ṣáájú

Ẹ bọ́ lẹ́ǹsì kúrò, awò ni kí ẹ máa lò. Ẹ sùn dáadáa. Bí ó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́ tí ojú ń gbẹ, ẹ bi dókítà nípa omi ojú aláìloògùn tí ẹ lè máa kán. Bí àpólò bá mú yín, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ ò sì ní kó o ran dókítà.

Ìgbésẹ̀ 7: Nínú yàrá àyẹ̀wò

Wọ́n máa ń kọ́kọ́ ní kí ẹ kà á láìsí awò, kí ẹ tó wá kà á pẹ̀lú awò. Ẹ má bẹ̀rù nọ́ńbà burúkú tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́. Ẹ kà á títí dé ibi tí kò ti dá yín lójú mọ́, kí ẹ sì sọ èyí tó jọ lójú yín. Àwọn mìíràn ń dákẹ́ síbi tí ojú wọn ṣì ń rí, torí wọn ò fẹ́ ṣì í. Dókítà kò lè kọ ohun tí ẹ ò sọ.

Fún rírí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á ní kí ẹ tẹjú mọ́ ibì kan, kí ẹ sì sọ nígbà tí ìka tàbí iná bá yọ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ má sáré wo iná náà! Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí, ojú wọn ń lé iná káàkiri, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ pé wọn ò rí nǹkan. Ẹ rọra mí, ẹ tẹjú mọ́ àárín, ẹ tẹ bọ́tìnnì bí ẹ bá rí i. Iná kan máa ń wà tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni.

Wọ́n á tún bo ojú kan, wọ́n á ṣí i, wọ́n á bo èkejì, kí wọ́n lè rí i bóyá ojú kan ń yà lọ nígbà tí wọ́n bo ó. Ẹ kàn máa wo ohun tí wọ́n ní kí ẹ wò.

Ìgbésẹ̀ 8: Fóọ̀mù, àti ìwé tí ẹ máa gbà

Ibì kan wà nínú fóọ̀mù tí wọ́n ti máa béèrè iṣẹ́ abẹ, awò, lẹ́ǹsì, oògùn. Ẹ kọ òótọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ lésà tí ẹ fi pa mọ́, àpá rẹ̀ wà lójú. Dókítà tó bá gbé ẹ̀rọ sí i lè rí i. Ohun tí wọn ì bá wò, kí wọ́n sì yọ̀ǹda yín, á wá di irọ́ tí ẹ pa fún ìjọba.

Kí ẹ tó jáde, ẹ ka ìwé ẹ̀rí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ àṣẹ awò sí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé awò gbọ́dọ̀ wà lójú yín, ẹni tó bá wa bàálù tàbí tó darí rẹ̀ láìwọ̀ ọ́ ti rú òfin láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó máa parí. Lójú ICAO, ti awakọ̀ Kíláàsì 1 kì í kọjá oṣù 12. Ti adarí bàálù jẹ́ oṣù 48, ó ń di 24 bí ẹ bá ti pé ogójì ọdún, ICAO sì dámọ̀ràn 12 lẹ́yìn àádọ́ta. Orílẹ̀-èdè kan lè gé e kúrú, nítorí náà, ọjọ́ tó wà lórí ìwé yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí ojú bá yí padà kí ọjọ́ náà tó pé, tí ẹ bá ń rí méjì-méjì, tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ sí i tàbí tí wọ́n fi yín sórí oògùn tuntun, ẹ dúró ná, ẹ má jókòó sí iṣẹ́, títí dókítà á fi rí yín.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ mú awò kejì kúrò nínú dúrọ́ọ̀, kí ẹ fi í sínú báàgì tí ẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́.